Fọ́tò Tó Wà Lọ́wọ́ Másọnù

Kí Másọnù tó gbé kámẹ́rà sójú, ó ní láti kọ́kọ́ wàásù. Kódà ẹni tó kàn wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, ìwàásù yẹn ò ní ṣàìkàn án. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ mi o," ni yóò wí bó ṣe ń tún iná tò. "Torí níbòmíràn, wọ́n á yà yín tán, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tún un fọ fún yín, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn ti kú. Lọ́dọ̀ tèmi, fọ́tò kì í sọnù." Á wá fọwọ́ sọ̀yà, gbì! Ibi tó ti gba orúkọ yẹn nìyẹn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín ibi tí wọ́n ti ń gẹrun àti ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Nínú yàrá iwájú, aṣọ funfun kan rọ̀ láti òkè ògiri dé ilẹ̀, ìjókòó kan tó ń yí bírí wà níwájú rẹ̀, iná méjì sì kọjú sí i. Yàrá ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni dísìkì ìpamọ́ búlúù kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí Másọnù fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé wọ̀ kí eruku má bàa kó sí i. Oníbàárà tó bá jẹ́ ẹni iyì, á mú un wọ yàrá ẹ̀yìn, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà díẹ̀, á ní, "Gbogbo yín lẹ sùn síbí."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Ìwé ńlá kan wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn onífọ́tò òde òní tí wọ́n ń pè ní kátálọ́ọ̀gù. Òun ló mọ gbogbo fọ́tò lórúkọ: ọjọ́ tí wọ́n yà á, ẹni tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ó tiẹ̀ ń tọ́jú àwòrán kékeré fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí kò ju èékánná lọ, kí ẹni tó ń wá a lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n kátálọ́ọ̀gù kọ́ ni fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú dáadáa, torí Másọnù kò dì í mú.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bó bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á bi í bóyá kí òun ṣe ẹ̀dà kátálọ́ọ̀gù pamọ́. Másọnù á gbé ọwọ́ sókè, á fi ìka kan tẹ bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀gá tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ẹ̀dà á wọnú dísìkì búlúù lọ, kọ̀ǹpútà á ní òun ti parí, Másọnù á ti ilẹ̀kùn, á sì máa súfèé lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ̀gá iléèwé kan ń da ìwé orúkọ àwọn ọmọ kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì yọjú wo kíláàsì rí bóyá ọmọ kankan wà níbẹ̀, bọ́rọ̀ Másọnù ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àbúrò obìnrin kan ṣoṣo ló ní. Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ nọ́ọ̀sì yìí máa ń wa ọkọ̀ ojú irin, aláwàdà èèyàn tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ nígbà tí ọmọbìnrin wọn kò tíì lè rìn. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, páìpù omi bẹ́ lókè àjà ilé wọn nígbà tí nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó dé, gbogbo álíbọ́ọ̀mù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ti rẹ, àwòrán ti lẹ̀ mọ́ àwòrán, ojú gbogbo wọn ti ṣí kúrò. Ó jókòó sínú omi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ké.

Másọnù ló sáré débẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi lọ bá a. "Dìde ńlẹ̀ jàre," ló wí. "Ta ló ya àwọn fọ́tò yẹn? Ṣebí èmi ni. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó wà lórí fóònù ẹ náà, kó o wá kí n kó wọn mọ́ ọn, kó o sì nù wọ́n kúrò kí fóònù ẹ lè mí. Fóònù kì í ṣe ibi ìpamọ́." Àbúrò rẹ̀ wò ó lójú. Ó dákẹ́ ẹkún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde nínú omi, òun náà ló sì ti ń gbé e ró látọjọ́ náà. Ó kó ti fóònù rẹ̀ wá, ó sì nù wọ́n kúrò, torí ẹ̀gbọ́n òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ti wá ń lọ iléèwé báyìí. Alábèérè ni wọ́n ń pè é nílé. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí, òun ló ń sọ àgbà nù sọ́nà: ta ló kọ́kọ́ sùn láyé, kí ló dé tí etí ò ní ìdérí bíi ti ojú, ṣé ẹja máa ń mọ̀ pé òun tutù? Nígbà tí ìyá rẹ̀ fún un ní yàrá tirẹ̀, ó bi í àwòrán tó fẹ́ kí wọ́n gbé kọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bàbá òun ni. Káàdì ibi iṣẹ́ bàbá nìkan ló kù nílé, ojú tó wà lára rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì lọ, ó sì panu dé. Alábèérè yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Dúró ná. Gbogbo ẹ̀rín bàbá ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Bó ṣe di pé Másọnù jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, tó ń wá fọ́tò tó dáa jù. Ó tẹ orúkọ ọkọ àbúrò rẹ̀. Kátálọ́ọ̀gù kó wọn jáde lẹ́sẹẹsẹ: ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ó gbé ọmọ jòjòló bí ẹni gbé abọ́ tó kún fómi, ó gbórí sẹ́yìn ó ń rẹ́rìn-ín. Eléyìí tó ń rẹ́rìn-ín ni Másọnù mú. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi.

Àwòrán náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ṣú bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì balùwẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé òun ò rí fọ́tò yìí níbi tó yẹ kó wà. Másọnù tẹ òmíràn. Bákan náà. Ó tẹ òmíràn. "Ìwọ kọ̀ǹpútà yìí, wèrè ẹ ti tún dé," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lára dísìkì búlúù, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà, ó ṣí i. Ẹ̀dà kátálọ́ọ̀gù ló wà níbẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, ọjọ́ Ẹtì lórí ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọdún tó fi ń súfèé lọ sílé. Ó wá a dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló rántí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kún tí kò gba fọ́tò ìgbéyàwó àwọn èèyàn mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga yìí, tó ń pa àwọn fọ́tò ọdún àtijọ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì da ibi ìdàlẹ̀nù wọn nù pẹ̀lú. "Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe níbí?" ló bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀dà wọn wà." Olè ò jà, iná ò jó, páìpù ò bẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é, ó tún súfèé sí i.

Òógùn bò ó. Ẹnu èyí ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o. Mi ò ní pẹ́ yín, mo ti fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ rántí fóònù bàbá Alábèérè, èyí tó kú sínú dúrọ́ọ̀ látọjọ́ yìí? Mo gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ibi iṣẹ́ wa. Ó ti fi bátìrì mìíràn sí i, ó ti tàn! Ó ní bí òun bá nu inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, ọmọ yìí á lè máa fi ṣe iṣẹ́ iléèwé. Mo ní kó dúró kí n kọ́kọ́ bi yín, torí ó ní fọ́tò wà nínú ẹ̀. Ṣé gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú mi ṣì ń ru bí mo bá ti dé ibí. Ìgbàlà ló kan ilẹ̀kùn yẹn, tó tún ń kí i pé ẹ káàárọ̀. Kò ju kó ní "Kó má nù ún." Ṣùgbọ́n bó bá ní kó má nù ún, á béèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, òun kọ́ ni Másọnù mọ́ nìyẹn, òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n tó wọnú omi. Ó wo dísìkì, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹnu tó ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́ sì dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kó nù ún."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ ṣé é, Bọ̀dá mi. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Másọnù jókòó lójú kan, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là. Ó pe àbúrò rẹ̀ padà. Kò gbé e. Ó tún pè, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù kì í gbé fóònù. Ló bá gba inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé.

"Ọkọ mi, kí ló ń lé yín?" Abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín ìyàwó rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí, ó sì ti dé ojú títì.

Ó wọ takisí. Iná pupa dá wọn dúró, òmíràn tún dá wọn dúró níwájú, ọkọ̀ tò lọ súà. Másọnù bọ́ọ́lẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà kì í sáré lásán, gbogbo ẹni tó rí i ló ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀. Nígbà tó dé ìsọ̀ onífóònù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn gbá tábìlì mú. Àwọn fóònù tí wọ́n ti tú ìdí wọn wà lórí tábìlì náà níwájú ọkùnrin kan tó ní gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú kan.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

"Fóònù nọ́ọ̀sì," ni Másọnù wí. "Èyí tí ẹ fi bátìrì sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì nù ún."

"Haa, ó ti délẹ̀! Wọ́n pè mí, mo sì ṣe é kíákíá. Ẹ wò ó, bí tuntun." Ó na fóònù náà sí i. Fóònù ń kí i káàbọ̀, ó ń bi í èdè tó fẹ́ máa sọ.

"Kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà?"

"Irú èyí? Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn." Ọkùnrin náà yọ gíláàsì kúrò lójú. "Mo tiẹ̀ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, torí mo rí fídíò kan níbẹ̀, ọkùnrin kan gbé ọmọ jòjòló, ó ń kọrin fún un. Orin náà ò dùn o, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín! Mo ní màmá, ṣé ó dá yín lójú? Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi létí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni Másọnù, ọkàn àwọn balẹ̀. Ṣé ẹ mọ Másọnù yẹn?"

Másọnù wo ilẹ̀. "Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀ rí," ló wí.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé, kò wọ ọkọ̀, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti òun. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tí aráyé ti mọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ti Másọnù burú jùyẹn, torí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìkíni kọ̀ọ̀kan sì ń wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Lójú títì, bàbá kan tó ya fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ na ìka sí i láti òdì kejì, ó ní, "Másọnù! Tiwa ńkọ́?" Ó dáhùn pé ó wà. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó dán oríṣiríṣi ọgbọ́n wò láti fi wá fọ́tò tó ti parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó rí kó jọ kò ju ìdajì ìyàwó kan àti etí kékeré kan lọ, kò sì mọ ẹni tó ni etí náà.

Ó yẹ kó lọ bá àbúrò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ìtìjú ní èrò tirẹ̀: bó bá ti mú èèyàn sọ irọ́ kan, á ní kó wá fi òmíràn bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Másọnù bọ́ bàtà, ó padà sídìí àwòrán kékeré tó ṣẹ́ kù nínú kátálọ́ọ̀gù, ti ọkùnrin tó gbórí sẹ́yìn tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ̀ ẹ́. Ó ń tún un ṣe, ó ń fi ọwọ́ ya ohun tí kò sí. Àgbọ̀n jáde díẹ̀, eyín jáde díẹ̀, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì jáde dáadáa. Ojú ló kọ̀. Bó ti wù kó ṣe é, ihò dúdú méjì ló ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò sí oníbàárà, ó tan àwọn iná rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sórí ìjókòó tó ń yí bírí, ó kọ kámẹ́rà sí ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ẹ̀rín tó le tó bẹ́ẹ̀ fún un láyé. Ó gé ojú ara rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọkọ àbúrò rẹ̀, ó fi òjìji díẹ̀ bò ó yí ká. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà ńlá, ó sì fi férémù onígi sí i.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé wá, ó dúró wò ó, ó ṣorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta nìyí?"

"Ọkọ àbúrò mi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó tún wò ó díẹ̀, kò sọ nǹkan mìíràn, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Másọnù gbọ́ pé ẹ̀rọ náà kò dún fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò rẹ̀ àti Alábèérè wọlé. Ọmọ náà ti gun ìjókòó, ó ti ń yí bírí kó tó kíni tán. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé àlejò níbùdókọ̀. Másọnù gbé férémù náà jáde pẹ̀lú aṣọ tó fi bò ó. Alábèérè fa aṣọ náà kúrò.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ kó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú àwòrán náà, ọwọ́ ọ̀hún sì dúró lágbedeméjì. Ó ń wò ó. Omijé tó ti fẹ́ já bọ́ kò já bọ́ mọ́.

"Màmá!" Alábèérè pariwo tayọ̀tayọ̀. "Bàbá mi jọ Bàbá Fọ́tò! Ẹ wojú wọn, ojú kan náà ni!" Ó gbé férémù náà pẹ̀lú agbára káká, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá Fọ́tò, kí n wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín bíi tiẹ̀!"

Másọnù gbìyànjú. Eyín nìkan ló jáde.

"Bọ̀dá mi," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, "ojú ta nìyí?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni," ni Másọnù wí. "Nígbà míràn, bí ìmọ́lẹ̀ bá..." Ọmọ náà ṣì ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń dúró de ẹ̀rín. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé e mì, ì bá dúpẹ́. Ó jókòó sórí aṣọ funfun tó tẹ́ sílẹ̀, àgbà ọkùnrin, ó na ẹsẹ̀. "Ojú mi ni," ló wí.

Ó sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti kátálọ́ọ̀gù tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tó rò pé fọ́tò lòun ń tọ́jú. Ó sọ bó ṣe pa wọ́n rẹ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ láìdá sí i, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan tèmi, tẹ́ ẹ ní kí n nù kúrò?"

"Títí kan tìẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ dìde ńlẹ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Èmi náà ti gbé oògùn aláìsàn kan fún ẹlòmíràn rí, Ọlọ́run ló yọ mí tí mo fi rí i kó tó gbé e mì. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Ó na ọwọ́ láti fà á dìde. Bó ṣe ń nà án, nǹkan sọ sí i lọ́kàn. Ọwọ́ náà rọra padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé wọn ò sí?"

Másọnù ń fọwọ́ nu eruku kúrò lára aṣọ funfun náà.

"Mo pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bi yín. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Irọ́ kan ṣì wà níbẹ̀ tó lè gbà á. Kó kàn ní Ọjọ́rú ni. Másọnù mọ̀ pé á gba òun gbọ́, torí ó ti ń gba òun gbọ́ látìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Ohun tó jẹ́ kó sọ òtítọ́ nìyẹn.

"Ó wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi," ló wí. "Mò ń wò ó bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojú ló tì mí láti sọ fún ẹ."

Lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kò pariwo, kò sì sunkún. Ká ní ó bú u ni, ìbá fúyẹ́.

"Orin tó máa ń kọ fún un wà nínú fóònù yẹn," ló wí.

"Orin wo?" ni Alábèérè béèrè. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwòrán, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀. Ayọ̀ ti ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ojú yín ni, báwo wá ni ti bàbá mi ṣe rí? Ẹ̀yin lẹ máa ń yà á."

Másọnù la ẹnu. Ó ti wo ọkùnrin yẹn láti inú kámẹ́rà lọ́pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó yà tó o. Ó rántí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ó rántí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, ó rántí kámẹ́rà tó lò. Ó wá ojú ọkùnrin náà kiri nínú orí rẹ̀, kò rí i.

Nọ́ọ̀sì ló fèsì, ọmọ rẹ̀ ló sì ń wò. "Ojú ẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ti òsì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, wàá rò pé ó ń ṣẹ́jú sí ẹ."

Ìgbà náà ni Másọnù rántí. Nínú gbogbo fọ́tò ọkùnrin yẹn, òun ló ń fi kọ̀ǹpútà la ojú òsì náà, tó ń fẹ̀ ẹ́ kó lè bá ti ọ̀tún dọ́gba. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ọ̀hún. Oore ló pè é. Èyí tó wà nínú fóònù tí wọ́n nù nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn.

Alábèérè ti gun ìjókòó padà. Ó gbórí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ojú òsì. "Báyìí?"

"Má dì í tán," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Báyìí?"

"Là á díẹ̀ sí i."

"Báyìí ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà dì í mú bẹ́ẹ̀, kò mí, kó má bàa bàjẹ́. Iná méjèèjì kọjú sí i dáadáa, kámẹ́rà sì wà lórí tábìlì níbi tí ọwọ́ Másọnù lè dé. Ó wo kámẹ́rà náà, ó wo àbúrò rẹ̀. Ojú tì í láti gbé e.